Ahọ́n Mi Kò Ṣi Ọ̀rọ̀ Sọ Lọ́jọ́ Náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi. Arúgbó obìnrin ni mí, abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kamina ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Atakpamé. Ohun kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí a gba òmìnira títí di òní. Àbúrò mi ọkùnrin ń kú lọ nínú yàrá tó kọjú sí tèmi. Bó bá kú kí n tó sọ ọ́, kò sí ẹni tí n óò tún sọ ọ́ fún mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó wà lọ́jà Atakpamé máa ń fi ìwé ìròyìn yín di ẹja gbígbẹ fún mi, ibẹ̀ ni mo ti ń ka bí àwọn èèyàn ṣe ń tú àṣírí ara wọn. Ìyàwó tó tan ọkọ, ọkọ tó tan ìyàwó. Mo ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín rí, kí ẹ dárí jì mí. Tèmi kì í ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi ti kọjá ogún ọdún dáadáa, òtítọ́ kò sì tíì bá a. Èmi ni mo dúró dè é báyìí, nítorí ó ti rẹ̀ mí.

Ifẹ̀ ti agbègbè Atakpamé níhìn-ín ni wá. Èdè wa àti Yorùbá jọra bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, bàbá wa mú mi lọ gbé lọ́dọ̀ obìnrin Yorùbá kan tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Atakpamé. Ìyá Ràmátù ni à ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ Yorùbá lẹ́nu, tí mo sì kọ́ ọ díẹ̀ nínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí Yorùbá yẹn ni mo fi bo ohun tí mo ṣe mọ́lẹ̀.

Kọ̀jó ni orúkọ àbúrò mi. Ìyá wa kú nígbà tó bí i. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, nígbà tí èmi fúnra mi kò tíì ga ju ọmọ odó lọ, kí wọ́n tó mú mi lọ sí Atakpamé. Daavi ló ń pè mí, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó yá mo lọ sílé ọkọ ní Glei. Ọkọ mi kò pẹ́ láyé, kò sì sí ọmọ, ni mo bá palẹ̀ ẹrù mi padà sílé bàbá mi. Bàbá náà ti kú nígbà yẹn. Ó ku èmi àti Kọ̀jó nínú ilé náà, àti Tàsí, àbúrò bàbá wa obìnrin, tó ní yàrá tirẹ̀ nínú agbo ilé kan náà. Èmi ni mò ń dá iná ilé.

Nígbà tí òmìnira dé, Ablóde bí àwa ṣe ń pè é, gbogbo abúlé gòkè lọ sí Atakpamé láti lọ wo àsíá tuntun. Wọ́n jó títí ohùn fi há. Kọ̀jó kò lọ. Ó ní àwọn tó ń jó yìí náà ni yóò wá jẹ iṣu lọ́la, ó sì yẹ kí ẹnìkan kọ ebè. Oko wa wà níbi tí àwọn Jámánì kọ́ ilé wáyà wọn sí láyé ọjọ́un, wáyà tó ń bá ìlú òkèèrè sọ̀rọ̀. Wọ́n fúnra wọn ló fọ́ ọ nígbà ogun kí ọ̀tá wọn má bàa lò ó. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju kọnkéré gàgàrà àti irin tó ti dípẹtà. Àwọn àgbà wa sọ pé ariwo wáyà náà lé àwọn iwin kúrò nínú igbó yẹn. Wọ́n ní ìgbà tó dákẹ́ ni wọ́n padà, àárín kọnkéré náà ni wọ́n sì wá ń gbé. A máa ń gbọ́ ọ, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ.

Ibẹ̀ ni Kọ̀jó ti rí obìnrin náà. Ó ní ó jókòó lórí kọnkéré, ó ń wo bí òun ṣe ń kọ ebè, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá béèrè pé kí ni omi tó ń jáde lójú Kọ̀jó. Kọ̀jó ní òógùn ni. Ó ní, 'Ta ló fún ọ?' Kọ̀jó bú sẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ló fún òun. Obìnrin náà ronú sí i, ó ní òun náà fẹ́.

Kò ní orúkọ. Ọjọ́ Jímọ́ ni ọjọ́ náà, Kọ̀jó sì sọ ọ́ ní Àfí, bí a ṣe ń sọ ọmọbìnrin tí a bí lọ́jọ́ Jímọ́. Àtọjọ́ náà ni àbúrò mi kò ti mọ adùn oúnjẹ mi mọ́. Yóò jẹ ẹ́ tán, bí mo bá sì bi í pé kí ló jẹ, kò ní mọ̀ ọ́n.

Ó mú un wálé lẹ́yìn tí a gbin iṣu tán. Kì í wọ inú ilé. Ilé ìdáná wa kò ní ògiri, òpó àti koríko ni, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà máńgòrò ni, eṣinṣin ń bà lé gbogbo wa lẹ́nu, kò sí èyí tó bà lé e. Mo gbé fùfú iṣu síwájú rẹ̀. Mo rí i tó ń bù ú, tó ń gbé e mì. Nígbà tó dìde, fùfú náà wà nínú abọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Kò korò, kò kan, kò ní iyọ̀, kò ní ohunkóhun. Adùn rẹ̀ nìkan ló jẹ lọ. Mo dà á fún adìẹ, adìẹ yí i ká, kò ṣà á jẹ.

Mo pe Kọ̀jó sẹ́yìn ilé. Mo ní, 'Kí lo mú wálé yìí?'

Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, 'Daavi, ó fẹ́ di èèyàn. Nítorí mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́.'

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ì bá ti pariwo. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo pọ̀n ló ń bẹ̀ mí. Mo gbà.

Mo sì ràn án lọ́wọ́ ní tòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo kọ́ ọ ní fùfú gígún. Ó gún un títí, kò rẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ gbẹ bí ìdí odó. Mo sọ fún un pé kó yé gún un bí ẹni tó ń ṣeré, kó máa rò ó pé ebi ń pa ẹnìkan nínú ilé. Lọ́jọ́ kan ó dá ọmọ odó dúró. Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó na ọwọ́ náà sí mi. Ó tutù fún òógùn. Kò fọ ọwọ́ náà, ó gbé e lọ sóko lọ fi han Kọ̀jó.

Lẹ́yìn òógùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ funfun bí ẹmu, ojú mi báyìí ni ó ṣe ń pupa díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ẹ̀jẹ̀. Ó ń dùn ún, inú rẹ̀ sì ń dùn. Oúnjẹ tó bá jẹ ti ń dínkù nínú abọ́. Eṣinṣin kan bà lé e lẹ́tẹ̀, kò lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wá bá mi. Ó ní, 'Daavi, àyà ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ kò sí ọgbẹ́ níbẹ̀.' Mo wo ojú rẹ̀, ó ń sunkún, kò sì mọ̀ pé ẹkún ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun pe àwọn ará òun nínú igbó, wọn kò dá òun lóhùn. Ó ní bí òun bá ti ń gba ohun kan lọ́dọ̀ wa ni ohun kan ń tì lẹ́yìn òun, ibi tí òun ti wá kò sí mọ́. Mo gbá a mọ́ra. Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó wá ku ohun kan ṣoṣo. Ẹ ní láti gbọ́ eléyìí dáadáa.

Nílé Ìyá Ràmátù, bí àlejò bá ṣe àgò lẹ́nu ọ̀nà, onílé á ní, 'Àgò yà o.' Bí ẹ̀yin Yorùbá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, a ti bá àwọn Ewé gbé pẹ́, bíi tiwọn la ṣe ń dáhùn. Àlejò á ní, 'Àgòo,' onílé á ní, 'Àmée.' Nínú èdè Ewé, èèyàn ni ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó ń rò ó, ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iwin kò ní ẹnu lásán. Ohun tí o bá sọ fún wọn ni wọ́n gbọ́, òun náà ni wọn yóò sì ṣe.

Àfí ní òun yóò wá sẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sàn-án gangan, òun yóò ṣe àgò lẹ́ẹ̀kan, nítorí àwọn iwin kì í pè lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó ń dá iná ilé ni yóò dá òun lóhùn látinú ilé pé, 'Àmée.' Bí ó bá ti sọ ọ́, òun ti di èèyàn nìyẹn. Òun yóò wọlé, òun yóò bímọ, òun yóò darúgbó, òun yóò kú. Ó pe kíkú yẹn bí ìgbà tí àwa ń pe orúkọ ohun tó dùn.

Kọ̀jó ní, 'Èmi ńkọ́? Ṣé mi ò lè dáhùn ni?'

Àfí mirí. Ó ní, 'Ẹni tó fẹ́ mi kò lè jẹ́rìí mi.' Ó wá yíjú sí mi. 'Daavi, ṣé ẹ óò dá mi lóhùn?'

Mo ní, 'Yoo.' Bí a ṣe ń sọ pé ó dáa nìyẹn.

Mo fẹ́ dá a lóhùn nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ẹ. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà kéré débi pé ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Kọ̀jó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe. Ó rẹ́ ògiri, ó pààrọ̀ koríko orí ilé. Lẹ́yìn náà ó po amọ̀, ó mọ ààrò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ dán an. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Daavi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Àfí ni yóò máa dá iná báyìí. Ẹ óò sinmi.'

Ire ló fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Mo ti sin ọkọ, n kò bímọ. Bí wọ́n bá tún gba iná lọ́wọ́ mi, kí ni mo wá jẹ́ nínú ilé náà? N óò jókòó sí kọ̀rọ̀ kan kí wọ́n máa bu oúnjẹ fún mi. Àbúrò tí mo fi omi ògì tọ́ yóò máa wo ojú ẹlòmíràn kó tó jẹun. Ní ìkọ̀kọ̀ mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rù iwin ló ń bà mí. Irọ́ ni. Ẹni tí mo kọ́ ní òógùn, kí ni mo fẹ́ bẹ̀rù lára rẹ̀? Ìlara ni. Mo ti pe é ní orúkọ mìíràn fún gbogbo ayé mi, mo ń pe é ní orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ náà pé. Gbogbo agbo ilé ti lọ sóko. Àwa mẹ́ta la wà nínú ilé, èmi, Kọ̀jó, àti Tàsí tí a pè kó wá jókòó tì wá. Kọ̀jó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó jókòó lórí àpótí. Oòrùn dúró sí àárín orí. Àwọn ewúrẹ́ tó ń ké dákẹ́, adìẹ náà dákẹ́. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

Ohùn náà ní, 'Àgòo.'

Kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ mọ́ Àfí. Ó jìnnà, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, bí ẹni tó sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kọ̀jó gbójú sókè sí mi.

Mo ní àyè. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ mọ̀ nìyẹn. Mo mí wọlé, mo mí jáde. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lẹ́nu mi, mo mọ èyí tó jẹ́ ti Ìyá Ràmátù, mo mọ èyí tó jẹ́ tiwa. Mo mú ọ̀kan. Mo ní, 'Àgò yà o.' Mo sọ ọ́ ketekete, n kò wárìrì.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ yà. Èèyàn lè yà sílé ẹni, ó sì lè yà kúrò lọ́nà. Àlejò tó jẹ́ èèyàn mọ èyí tí à ń wí. Àfí kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe.

Ìta dákẹ́. Kọ̀jó ní, 'Daavi, kí lẹ sọ?' Ó ti sáré jáde kí n tó fèsì. Mo tẹ̀ lé e. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ojú ẹsẹ̀ méjì wà níwájú ẹnu ọ̀nà, omi dúró nínú wọn, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Ojú ẹsẹ̀ náà kò padà sí igbó, kò sì wọlé. Ó yà sápá ọ̀tún, ó tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. Kọ̀jó tọ̀ ọ́. Ó yí ilé ká, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún kọjá, ó tún yí. Kọ̀jó ń yí ilé náà ká títí oòrùn fi rẹlẹ̀, ó ń pe Àfí. Ẹsẹ̀ tutù náà sì ń tẹ ilẹ̀ níwájú rẹ̀, a ń rí ojú ẹsẹ̀ náà bó ṣe ń hàn, a kò rí ẹni tó ni ín.

Mo jókòó sílẹ̀, mo fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní ahọ́n mi ni, pé ahọ́n mi ló ṣìnà. Mo ń sunkún, ẹkún náà kì í ṣe ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ẹ̀tàn ni.

Nígbà tí Kọ̀jó padà dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ nu ojú mi. Ó ní, 'Ẹ má sunkún mọ́, Daavi. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ọjà Atakpamé ló ba ahọ́n yín jẹ́.'

Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ṣe pé ó lù mí ni, ǹ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìdáríjì rẹ̀ ló dí mi lẹ́nu. Ó ti dárí ohun tí n kò ṣe jì mí, kí ni n óò wá sọ?

Àwọn ará agbo ilé kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé àfẹ́sọ́nà Kọ̀jó wá, Daavi fi Yorùbá dá a lóhùn, ọmọbìnrin náà bínú lọ. Wọ́n rín in títí. Wọ́n sọ mí ní Àgò-yà. Àwọn ọmọdé wọn ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí di òní, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ, mo ń rẹ́rìn-ín.

Kọ̀jó kò fẹ́ ìyàwó. Ààrò tuntun náà kò rí iná, adìẹ ló ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ kan wà tó yí ilé wa ká, koríko kì í hù níbẹ̀, bí òjò ti wù kó rọ̀ tó. Bí ewé bá já sí i láàárọ̀, ní ọ̀sán ó ti wà lápá kan. Ojoojúmọ́ ni Kọ̀jó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí oòrùn bá ti kàn tàrí. Ó ní bí Àfí bá tún pè, kí n fara balẹ̀ kí n tó dáhùn.

Mo ti sọ èyí tó rọrùn. Èyí tó kù ló burú jù.

Tàsí dùbúlẹ̀ àìsàn lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kọ̀jó kó iṣu lọ sí ọjà Notsé lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni mo jókòó tì í nínú yàrá mi, níbi tí a gbé e wá. Ọ̀sán pọ́n. Adìẹ dákẹ́. Ohùn náà ní, 'Àgòo.'

Iwin kì í pè lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta kì í ṣe iwin mọ́ délẹ̀délẹ̀. Ó ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń pe ohun tó ń wá, tí kì í sì í ṣíwọ́.

Tàsí gbọ́ ọ. Ó ní, 'Ó pẹ́ tó ti ń pè. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí fún ẹni tó ń jáde láyé, ohùn ẹni tó wà níta á ráyè wọlé. Dá a lóhùn.'

Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó tún pè. Tàsí gbé ojú rẹ̀ lé mi, ojú náà ti ń ṣú. Ó ní, 'Àgò-yà, ahọ́n rẹ kò ṣe nǹkan kan rí.' Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kú kí Kọ̀jó tó dé láti Notsé. Kọ̀jó bi mí bóyá ó fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, mo ní rárá.

Kí ló dé tí n kò dáhùn? Mo ti rò ó títí. Bí Àfí bá wọlé, yóò sọ fún Kọ̀jó pé ohùn mi kò wárìrì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo fi odindi ayé èèyàn méjì pa àṣírí kan mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Kọ̀jó ló wá dùbúlẹ̀ báyìí. Ọyẹ́ ló mú un. A gbé e lọ sí lópitáàlì, dókítà ní ká máa gbé e lọ sílé, ká máa fún un ní ohun tó bá fẹ́ jẹ. Ó ti di adití, ó tó ọdún mélòó kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbọ́, ẹ ní láti kígbe sí i létí.

Ohùn náà sì ń dé lójoojúmọ́. Bí oòrùn bá ti dúró, adìẹ á dákẹ́, n óò sì gbọ́ ọ. Kò tíì gbó. Ohùn ọmọdébìnrin ni síbẹ̀, àwa ti hu ewú tán. Kọ̀jó kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ń rí òjìji tó ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó mọ̀ pé ọ̀sán pọ́n. Á yíjú sí mi. Á ní, 'Daavi, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?' N óò mirí. Á gbọ́wọ́ lé ọwọ́ mi, á ní kí n má bínú, pé òun kàn ń béèrè ni.

Lánàá mo gbìyànjú. Nígbà tó pè, mo la ẹnu. Àmée kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn, ọmọ tó ń rá ń sọ ọ́. Níta, ohun tó wà níbẹ̀ dákẹ́ láti gbọ́. Mo gbọ́ bó ṣe mí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ru ẹrù wúwo. Ó dúró pẹ́. Nígbà tí n kò sọ nǹkan kan, mo tún gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá dá a lóhùn, ta ni yóò wọlé? Ṣé ọmọbìnrin tó fẹ́ Kọ̀jó ni, kó wá bá arúgbó tó ń pòkàkà ikú lórí ẹní? Àbí gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni yóò wó lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà bó bá ti tẹ ẹnu ọ̀nà? Bí n kò bá sì dáhùn, tí Kọ̀jó kú, òun yóò máa yí ilé ká nítorí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi náà kò ní pẹ́ kú. Ta ni yóò mọ̀ pé ó wà níta?

Àti Kọ̀jó fúnra rẹ̀. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún un pé ahọ́n mi kò ṣìnà? Kò mọ ìwé kà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́wọ́ fún adití, gbogbo agbo ilé ni yóò jẹ́wọ́ fún. N óò kígbe rẹ̀ sí i létí, àwọn ọmọ tó ń pè mí ní Àgò-yà yóò gbọ́, ìyẹn kò dùn mí mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé yóò tún dárí jì mí. Tàbí pé kò ní dárí jì mí, tí yóò sì kú bẹ́ẹ̀. N kò mọ èyí tí n kò fẹ́ jù.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó wà níta, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Tàsí tó ti lọ. Ti Kọ̀jó ni n kò tíì lè tọrọ.

Ọjọ́ tó kù fún àbúrò mi kò pọ̀. Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́, omi là ń fi òwú kán sí i lẹ́nu. Bí mo ṣe ń kọ èyí, oòrùn ti ń gòkè. Mo mọ̀ pé ẹ ní iṣẹ́ tiyín, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi lè dà bí àlọ́ létí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ dá mi lóhùn.